Ilé Ọtí Tí Ó Gba Àlejò: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò láti Southwark dé Aldworth àti West Bromwich

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá 2025: Southwark

Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ní ìrìn-àjò yìí ni ilé ọtí àdúgbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n ti ń ta bíà inú àgbá tí ìwúkàrà rẹ̀ kò tíì kú, tí oúnjẹ wọn dùn, tí àlejò sì lè wọlé kí ó jókòó láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó ní ìwòkuwò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Peckham àti Woolwich ni ó ti lo ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù láì fi ẹsẹ̀ kan irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a gbọ́ ni pé ibùjókòó àwọn ọ̀mùtí ni. Ó ti pẹ́ tí èmi ti ń lọ, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ohun rere ni ó ń kọjá lójú wa. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ọtí kan ẹnu, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún; òun gan-an ni mo bẹ̀ pé kí ó bá mi lọ, nítorí ilé tí kò bá gba àgbàlagbà, tí kò sì gba ẹni tí kò mu, kò tíì yẹ ní yíyìn.

A bẹ̀rẹ̀ ní George Inn, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin London Bridge. Lẹ́yìn iná ńlá tí ó jó Southwark ní 1676 ni wọ́n tún ilé náà kọ́, òun nìkan sì ni ó kù ní Lọ́ńdọ̀nù nínú àwọn ilé èrò àtijọ́ tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi lókè, tí ó kọjú sí àgbàlá tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti máa ń dúró. Àjọ National Trust, tí ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ni ó ni ín báyìí. Ó lẹ́wà, ó sì kún fọ́fọ́. Owó páìntì bíà kan, ìyẹn ife ńlá kan, lé ní £6, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí káàkiri àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí iye náà yóò máa wálẹ̀ bí a bá ṣe ń jìnnà sí ìlú.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá: Paddington sí Goring

Ọkọ̀ ojú irin tí ó yẹ kí a wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò wá, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì dúró ní Reading títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìrìn-àjò tí kì í ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ gba ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ, ó sì ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù kí a tó sọ̀kalẹ̀ ní Goring, ìlú kékeré kan ní etí odò Thames, ní ìhà Oxfordshire. Bí ẹ bá sọdá afárá, Streatley ni ẹ dé yẹn, ìyẹn sì ti di Berkshire.

Ẹni tí ó bá ń pète irú ìrìn-àjò yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé ọtí lè ṣí títí di aago mọ́kànlá alẹ́, ṣùgbọ́n iná ìdáná wọn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, oúnjẹ ọ̀sán ń parí ní nǹkan bí aago méjì àbọ̀, ti alẹ́ sì ń parí ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ilé tí a yà sí ti pa iná ìdáná rẹ̀ nígbà tí a dé. Obìnrin tí ó wà nídìí káńtà wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo àpótí tí ó ń fà, ó sì ní kí a lọ jókòó níwájú iná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó gbé búrẹ́dì, wàràkàṣì líle, àlùbọ́sà tí a rì sínú ọtí kíkan, ápù tí a gé àti ife tíì gbígbóná wá. Nígbà tí mo bèèrè iye tí a ó san, owó tíì nìkan ni ó gbà. Ẹ̀gbọ́n mi súre fún un ní Yorùbá, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, obìnrin náà sì dáhùn pé òun gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá: Inú yàrá abẹ́ ilẹ̀, àti Aldworth

Ọkọ obìnrin yẹn ni ó ń tọ́jú bíà ilé náà. Mo ti sọ fún un ní alẹ́ àná pé mo fẹ́ràn bíà inú àgbá, ó sì ní kí n wá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú wa, ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Yàrá náà tutù, ṣùgbọ́n kò tutù bíi inú fíríìjì. Láàárín ìwọ̀n 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n máa ń fi í sí. Àwọn àgbá náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí pèpéle igi, wọ́n sì fi ohun kéékèèké há wọn kí wọ́n má baà yí. Àgbá tí ó wọ́pọ̀ jù lọ gba gálọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, èyí tí í ṣe páìntì 72.

Bíà inú ìgò àti agolo tí a mọ̀ sí jù ni wọ́n ti sẹ́ mọ́, tí wọ́n sì ti fi ooru pa ohun alààyè inú rẹ̀ kí ó lè pẹ́ lórí àtẹ. Ti inú àgbá ń kúrò ní ilé ìpọntí pẹ̀lú ìwúkàrà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Inú àgbá yẹn gan-an ni ó ti ń parí híhó rẹ̀, gáàsì tí ìwúkàrà náà ń mú jáde ni ó sì ń fún un ní ìtani díẹ̀ tí a ń gbọ́ lórí ahọ́n. Wọn kì í fi gáàsì mìíràn tì í. Ọkùnrin náà fi òòlù igi gbá èèkàn kékeré kan wọ ihò òkè àgbá. Èèkàn ìkíní jẹ́ igi rírọ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, kí gáàsì tí ó pọ̀jù lè jáde. A rí ìfófòó tí ó rú yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó ń wú, tí ó ń fọ́, tí ó tún ń wú. Bí ìyẹn bá ti rọlẹ̀, ó fi èyí tí ó le rọ́pò rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àgbá náà sinmi títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi silẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí i tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á, afẹ́fẹ́ ń wọ ibi tí bíà ti ń jáde, nítorí náà nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni ó ní kí adùn rẹ̀ tó yí padà. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ nìyí tí ilé tí kò ní oníbàárà kò fi lè ta bíà inú àgbá dáadáa: bí èrò kò bá tó, ọtí yóò bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè bí wọ́n ti ń ṣe ọkà báálì kí ó tó di ọtí. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n ń jẹ́ kí ó hù díẹ̀, wọ́n ń fi ooru gbẹ ẹ́, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń da omi gbígbóná sí i kí adùn rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ̀ ọ́ pẹ̀lú òdòdó hops tí ó ń fún un ní ìkorò. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. “Ṣé o gbọ́? Bí màmá wa àgbà ti ń ṣe àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nìyẹn, àfi hops yẹn nìkan.” Òótọ́ ni. Àgbàdo tí a mú hù, tí a sá, tí a lọ̀, tí a sè, ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, òun náà kì í sì í dúró de ẹni tí ó bá pẹ́. Láti àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń bèèrè ìbéèrè ju èmi lọ.

Fún ẹni tí kì í jẹ ohun tí ó bá ti ara ẹran tàbí ẹja wá: ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí máa ń fi ohun kan tí wọ́n ṣe láti inú àpò afẹ́fẹ́ ẹja sí bíà inú àgbá kí ó lè mọ́ gaara. Àwọn tí kì í fi í sí i náà wà, ẹ sì lè béèrè.

A kúrò ní Goring ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Láti Streatley dé Aldworth jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún. Ọ̀nà ọkọ̀ tóóró, kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè yà sí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba orí òkè ni kí ẹ gbà, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ara Ridgeway, ọ̀nà àtijọ́ tí ó gùn tó kìlómítà 139 láti ìtòsí Avebury dé Ivinghoe Beacon. Ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá ti kàn án, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì tí mo mú dání ni ó gbà wá sílẹ̀, nítorí òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, kò sì dá.

Ní Aldworth, a kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Mary Mímọ́. Ère òkúta ńlá mẹ́sàn-án ti ìdílé de la Beche ni ó wà nínú rẹ̀, láti nǹkan bí 1300 sí 1350, àwọn kan ti pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rìn lọ sí Bell Inn. Kànga kan tí wọ́n kọ́ òrùlé lé lórí wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó jìn ju mítà 110 lọ, nítorí pé orí òkè ẹfun kì í ní omi nítòsí.

Bell Inn ni mo torí rẹ̀ wá sí ìhà yìí. Ìdílé kan náà ni ó ti ń ṣe ilé náà fún ohun tí ó lé ní 250 ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ CAMRA ti yàn án gẹ́gẹ́ bí ilé ọtí tí ó dára jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ní 1990 àti ní 2019. CAMRA ni ẹgbẹ́ tí ń jà fún bíà inú àgbá, tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin dá sílẹ̀ ní 1971, nígbà tí àwọn ilé ìpọntí ńláńlá ń fi bíà onígáàsì tí wọ́n ti pa rọ́pò ti inú àgbá káàkiri. Láìsí ariwo tí wọ́n pa, mi ò rò pé a ó rí ohun tí a wá wò yìí.

Kò sí káńtà gígùn ní Bell. Fèrèsé onígíláàsì kan ni wọ́n ń gbà ta ọtí, ẹ ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì, ẹ ó sì rí ẹni tí ń ta á láàárín àwọn ife. Àjà rẹ̀ lọ sílẹ̀, igi ni wọ́n fi bo ara ògiri, iná igi ń jó, agogo àtijọ́ kan sì wà tí ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ní: wákàtí ni ó ń sọ, kò ka ìṣẹ́jú sí. Kò sí orin láti inú ẹ̀rọ, kò sí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Ohùn ènìyàn ni ẹ ó gbọ́. Bí a ti wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù, ìyá àgbà kan tí ajá rẹ̀ sùn sí abẹ́ àga sún, ó sì fi ọwọ́ lu àyè tí ó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ iná, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀ nípa eékún.

Mo gba ààbọ̀ páìntì bíà Arkell's, ti ìdílé tí ń pọn ọtí ní Swindon láti 1843. Ó pọ́n díẹ̀, ó mọ́, ó tutù níwọ̀nba, ìkorò rẹ̀ sì dé lẹ́yìn tí mo ti gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n mi mu ohun mímu atalẹ̀ tí kò ní ọtí. Oúnjẹ ilé náà kò ní ariwo: búrẹ́dì roboto tí èèpo rẹ̀ le, tí wọ́n kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹran màlúù tàbí wàràkàṣì sínú rẹ̀, àti ọbẹ̀ gbígbóná. Tèmi jẹ́ ẹran màlúù. Nígbà tí mo là á, bọ́tà ti yọ́ wọnú búrẹ́dì náà, músítáádì rẹ̀ sì gun imú mi débi tí omi fi jáde lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ tirẹ̀ tán, ó sì ní kí n lọ gba òmíràn wá. Gbogbo ohun tí a jẹ tí a sì mu kò tó £20.

Nígbà tí a fẹ́ dìde, òjò ṣì ń rọ̀. Tọkọtaya kan tí kò mọ̀ wá rí sọ pé Streatley ni àwọn ń lọ, wọ́n sì fi ọkọ̀ wọn gbé wa dé ẹnu afárá. Ọkọ ni ó wakọ̀. Omi ni ó mu láti ìgbà tí a ti wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá: Smethwick àti West Bromwich

A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Reading lọ sí Birmingham, a sì gba ibẹ̀ lọ sí Smethwick. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí bàbá wa sọ fún wa nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ilé ọtí kan ní ọjọ́ òtútù láti jẹun, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọn kì í ta fún ènìyàn dúdú. Kò tún wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi padà sí Ìbàdàn. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àwa kì í ṣe èrò ilé ọtí, mo máa ń rántí pé wọ́n ti lé àwọn kan nínú wa jáde kí a tó pinnu pé a kò fẹ́ wọlé.

Òfin kò lòdì sí i nígbà náà. Ní Smethwick, àwọn ará Punjab láti Íńdíà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìyọ́rin, nínú ooru àti eruku, kò lè jókòó ní yàrá kan pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí. Ní 12 Oṣù Kejì 1965, ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó pa á, Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, wá sí ìlú yìí. Ó rìn ní Marshall Street, níbi tí àwọn kan ti fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa ra ilé kí wọ́n lè tà á fún aláwọ̀ funfun nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà mú un lọ sí ilé ọtí kan, wọ́n sì kọ̀ láti ta fún wọn ní ọ̀kan nínú àwọn yàrá rẹ̀. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, òfin Race Relations Act ti 1965 ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kọ ènìyàn ní irú ibi bẹ́ẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àmì ìrántí ìbẹ̀wò náà wà ní Marshall Street. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń ka á.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Red Lion ní West Bromwich, ọ̀kan nínú àwọn ilé ọtí tí àwọn ará Punjab ń ṣe fúnra wọn ní agbègbè yìí. Àwọn tí wọ́n lé sẹ́yìn, tàbí àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n wá ra irú àwọn ilé náà nígbà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní èrò mọ́, tí wọ́n gbé iná ìyanran sí ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Aláwọ̀ funfun, ará Íńdíà àti ènìyàn dúdú ni wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní ọ̀sán yìí, àwọn kan wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Oúnjẹ tí a gbà ni àwo irin gbígbóná tí adìẹ, egungun ìhà àgùntàn àti ẹran lílọ̀ tí a fi igi gún wà lórí rẹ̀, tí àlùbọ́sà ń han lábẹ́ wọn, tí èéfín sì ń rú. Ata wọn ta. Ẹ má ṣe gba àwo méjì fún ènìyàn méjì: ọ̀kan tó, ó sì ṣẹ́kù. Bíà onígáàsì ni ó pọ̀ jù nínú irú àwọn ilé wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀la ni a ó padà sí ti inú àgbá.

Ọkùnrin kan tí ó wé láwàní, tí ó jókòó sí tábìlì kejì, bèèrè ibi tí a ti wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ìtàn bàbá wa fún un, ó ní bàbá tòun náà sọ irú rẹ̀ fún òun. Ó lọ sídìí káńtà, ó sì ti san owó tíì wa kí a tó mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá: Brierley Hill, àti ilé

Ní ọ̀sán, a dé ilé ọtí Vine ní Brierley Hill, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Bull and Bladder. Ilé ìpọntí Bathams, tí ó ti wà láti 1877, ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí náà bíà wọn kò rìn jìnnà kí ó tó dé inú ife. Bíà wọn tí wọ́n ń pè ní Bitter pọ́n fòò bí oyin, agbára rẹ̀ jẹ́ 4.3%, ó sì ní adùn díẹ̀ kí ìkorò tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo èyí tí mo tọ́ wò ní ìrìn-àjò yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Búrẹ́dì ẹlẹ́ran ni a fi tì í. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti Southwark.

Díẹ̀ fún ẹni tí kò wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí káńtà ni ẹ ti ń pàṣẹ oúnjẹ àti ohun mímu. Bí ẹ bá jókòó kí wọ́n wá bá yín, ẹ lè jókòó pẹ́. Wọn kì í tò, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ẹni tí ó ṣáájú òun, ẹ má sì gba iwájú ẹnikẹ́ni. Bí bíà kò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwọ̀nba díẹ̀ kí ẹ tọ́ ọ wò. Ilé tí ó mọ iṣẹ́ kì í gba owó rẹ̀. Ààbọ̀ páìntì tó fún ẹni tí ó fẹ́ wo oríṣiríṣi. Bí ó bá kan tàbí tí kò mọ́ gaara bí ó ti yẹ, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wa padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n mi ń ka iye obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tí eékún wọn lè gun òkè Aldworth, ó sì rí i pé wọn kò pọ̀. Fún irú wọn, ẹ bá ọkọ̀ takisí Goring sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì dá wákàtí tí yóò padà wá gbé yín. Ẹ mú owó bébà dání, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé abúlé ni ó ń gba káàdì. Bell kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé àfi bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, wọ́n sì máa ń tì í ní ìyẹ̀tàrí oòrùn, nítorí náà ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá.